Wọ́n Mélòó? Ọlọ́pàá Olùwádìí àti Ọmọ Tí Wọ́n Pa Ìyá Rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ní agbègbè Òmù-Àrán, ní ìpínlẹ̀ Kwárà, jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní tésàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tólẹ̀, ó ní: “Wọ́n wọlé, wọ́n ń pariwo mọ́ ìyá mi, wọ́n wá jáde.” Èèyàn mélòó ló wọlé? Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í pe àgbà ní “ó”. Bí ẹni tó gbẹ̀mí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ẹni tó máa ń kúnlẹ̀ kí láràárọ̀, “wọ́n” náà ni yóò pè é. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan: ọkùnrin kan ni, obìnrin kan ni, àbí ọ̀pọ̀ èèyàn. Èyí tó bá mú ni lọ́yà yóò máa fà ya ní kóòtù lọ́dún mélòó kan sí i.

Bí wọ́n bá ní kó dárúkọ ńkọ́? Ó lè ní “Bọ̀dá ni.” Nínú agbo ilé, Bọ̀dá lè jẹ́ àbúrò bàbá, ó lè jẹ́ ayálégbé. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ bàbá ọmọ gan-an, torí ohun tí àwọn àbúrò ń pe bàbá rẹ̀ ló gbọ́ dàgbà. Bí ọlọ́pàá náà bá wá jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ míì tí kò gbọ́ Yorùbá, ògbufọ̀ á tún bọ́ sáàárín.

Ẹni tí ẹrù yìí já lé léjìká ni gbogbo wa mọ̀ sí IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà. Òun ló ń gba sítétímẹ́ǹtì, òun ló ń kó aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ pamọ́, òun náà ni yóò dúró níwájú adájọ́. Fáìlì ìpànìyàn kì í pẹ́ ní tésàn ìlú kó tó gba Ìlọrin lọ, sọ́dọ̀ àwọn CID, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń wádìí ìwà ọ̀daràn. Fún ẹni tó ń gbé Èsìẹ́ nítòsí Òmù-Àrán, Ìlọrin kì í ṣe ibi tí ìyá àgbà yóò mú ọmọ lọ láàárọ̀ kó sì padà wá se oúnjẹ ọ̀sán. Òfin tí wọn yóò fi pe ẹjọ́ náà pàápàá yàtọ̀ sí ti Èkó. Torí pé abẹ́ ìjọba Àríwá ni Kwárà wà kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 1967, Penal Code tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960 ni wọ́n ṣì ń lò, abala 221 rẹ̀ ló sì dá ikú fún apààyàn. Yorùbá ni wá, òfin Àríwá ló ń dá wa lẹ́jọ́.

Ní ti ọmọ fúnra rẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, tí Kwárà sì ṣe tirẹ̀ ní 2006, ló yẹ kó bò ó. Abala 50 òfin àpapọ̀ náà fún ọlọ́pàá láyè láti mú ọmọ òrukàn lọ síwájú kóòtù, kí wọ́n wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀. Abala 207 ní kí ẹ̀ka ọlọ́pàá kan wà tó jẹ́ ti ọmọdé nìkan. Ìwé nìyẹn. Nínú ilé, mọ̀lẹ́bí ló ń gba ọmọ, pàápàá ìdílé bàbá, torí àwọn ló ni ín. Bó bá wá jẹ́ pé inú ìdílé yẹn gan-an ni afurasí ti wá ńkọ́? Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ewu tó tóbi jù wà. Kò sẹ́ni tó máa gbé ìbọn wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá kan ló máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ lálẹ́ pé, “Gbàgbé ohun tóo rí, ọ̀rọ̀ ilé ni.” Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò lè sùn sẹ́nu ọ̀nà ilé yẹn. Ohun tó lè ṣe ni kó tètè fa àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀ wọ ọ̀rọ̀ náà, kó sì rí i pé ọ̀dọ̀ ìdílé ìyá lọmọ ń sùn.

Òfin Ẹ̀rí ti 2011 tún wá kó nǹkan míì sí i. Abala 209 sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kì í búra. Bí adájọ́ bá rí i pé orí rẹ̀ pé tó, tó sì mọ̀ pé òótọ́ ló yẹ kóun sọ, yóò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n wọn kò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àfi kí ẹ̀rí míì gbè é lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, bí ọlọ́pàá bá gbé gbogbo ẹjọ́ lé ọmọ lórí, ó fìyà jẹ ọmọ lásán ni, ẹjọ́ yóò sì tún bàjẹ́. Ààbò tó dájú jù ni kí ẹ̀rí ìyókù pọ̀ débi pé kò ní pọn dandan kí ọmọ la ẹnu.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù kẹfà 2011, wọ́n pa obìnrin òṣìṣẹ́ báńkì kan ní Ìsọlọ̀, l’Ékòó. Ó fi ọmọ kékeré sáyé lọ, torí ọmọ náà ni n kò ṣe ní dárúkọ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Obafunwa, oníṣègùn tó ń ṣàyẹ̀wò òkú, sọ fún kóòtù pé ojú ọgbẹ́ 76 ló wà lára olóògbé. Adájọ́ Lateefat Okunnu dájọ́ ikú fún ọkọ ní oṣù kejì 2014. Ojú ọgbẹ́ 76 kò nílò kí ọmọ jòjòló wá ṣe ẹlẹ́rìí.

Gbogbo òkú kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí kò bá ti sọ̀rọ̀, ẹjọ́ lè fà títí IPO yóò fi gba tíráńsífà, tí yóò máa ti ìpínlẹ̀ míì wá jẹ́rìí. Ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́jọ nígbà tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lè ti pé 14 kí wọ́n tó pè é. Nígbà náà, yóò búra bí àgbà. Ìwé tí wọn yóò nà sí i pé ṣé òun ló sọ báyìí ni èyí tí wọ́n kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lórí bẹ́ǹṣì. Bí IPO bá kọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe gbọ́ ọ kó tó túmọ̀ rẹ̀, tó sì rántí bèèrè pé, “Wọ́n mélòó?”, ìka kan tí ọmọ nà sókè yóò ti wà nínú fáìlì.