Ọṣẹ Tí Kò Hó: Ìlàlóye Nípa Omi Kànga àti Omi Ẹ̀rọ fún Ará Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà

Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń gbé ọmọ wá sílé ìwòsàn ló máa ń béèrè ohun kan náà: kí ló dé tí ọṣẹ kì í fi í hó dáadáa nínú omi kànga agboolé wọn, tó máa ń dì funfun lórí omi, tí aṣọ á sì máa le gbagidi lẹ́yìn tí wọ́n bá sá a? Ṣé omi náà kò ní ṣe ọmọ ní jàǹbá? Èsì wa ni pé èyí tó ń bá ọṣẹ jà yẹn kò ní pa ọmọ yín lára. Èyí tó ń pa ọmọ lára kì í bá ọṣẹ jà, kì í yí omi láwọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í rùn. Ìdí tí a fi kọ ìwé yìí nìyẹn.

OHUN TÓ Ń MÚ OMI LE

Orí àpáta ni Ìbàdàn tẹ̀dó sí. Òjò tó bá rọ̀ máa ń wọ ilẹ̀ lọ, á gba inú àpáta tó ti jẹrà kọjá kó tó dé ìsàlẹ̀ kànga. Bó ṣe ń lọ ló ń kó èròjà ilẹ̀ mọ́ra, pàápàá calcium àti magnesium. Ní àárín ìlú àtijọ́, eérú, ìdọ̀tí àti omi ẹ̀gbin tí ìran mélòó kan ti dà sílẹ̀ tún fi kún un. Omi tí èròjà wọ̀nyí bá pọ̀ nínú rẹ̀ ni omi líle.

Nínú ìlànà omi mímu Nàìjíríà tó jáde ní 2007, wọ́n ní kí líle omi má ju mílígíráàmù 150 lọ nínú lítà kan. Ìlànà kan náà ló sọ pé kò sí àìsàn kankan tó ń ti ara líle omi wá. Ọṣẹ ló ń jẹ, ó ń fi èérí funfun sínú ìkòkò tí a fi ń se omi, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn ìyá wa sì ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀wà tí a bá fi omi líle sè kì í tètè rọ̀, alẹ́wà á wá ju kánún sí i. Kánún yìí á gbá calcium inú omi jọ, á sọ ọ́ di ẹ̀tù funfun tí kò lè dí ẹ̀wà lọ́wọ́ mọ́. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ gidi ni, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó kọ́ ọ nílé ìwé. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ṣọ́ ọ lò o, nítorí sodium tó wà nínú iyọ̀ ló kún inú kánún. Ẹ má sì dà á sínú omi mímu.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí omi yín ṣe le tó, ẹ rẹ́ ọṣẹ díẹ̀ sínú ìgò méjì. Ẹ bu omi òjò sínú ọ̀kan, omi kànga sínú èkejì, kí ẹ mì wọ́n. Ẹ ó rí i pé ti òjò yóò tètè hó. Omi ẹ̀rọ náà máa ń hó ju ti kànga lọ, nítorí odò ni wọ́n ti ń fà á: odò Ọnà tí wọ́n sé ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1942, àti odò Ọ̀ṣun tí wọ́n sé ní Aṣẹ́jìrẹ́, tí wọ́n parí ní 1972.

OHUN TÓ Ń PANI

Ilé fara kan ilé ní Bẹyẹrúnkà àti lẹ́yìn Mápó. Ṣálángá ilé kan lè wà lẹ́yìn ògiri kànga ilé kejì, kí onílé méjèèjì má sì mọ̀. Ohun tó ń wọ ilẹ̀ láti inú ṣálángá yóò bá omi abẹ́ ilẹ̀ lọ, kànga tó bá sún mọ́ ọn ni yóò sì gbà á. Àwọn olùwádìí tó ti yẹ omi kànga àárín Ìbàdàn wò rí kòkòrò inú ìgbẹ́ àti èròjà tí wọ́n ń pè ní nitrate nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí nitrate yìí, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Ìlànà ìjọba ni kó má ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Ahọ́n kò lè tọ́ ọ wò, ojú kò rí i. Àgbàlagbà lè mu ún kó má mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nínú ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ káàkiri bó ṣe yẹ. Ètè àti èékánná ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí aró. Síse omi kì í lé e jáde. Ńṣe ló tún máa ń ki sí i bí omi bá ṣe ń gbẹ lórí iná. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyá àgbà pàápàá, ọmú nìkan ni kí ẹ fún ọmọ títí tí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ẹ má fún un lómi, ẹ má fún un ní àgbo. Àgbo tí ẹ fi omi kànga sè, omi kànga náà ni. Ìyá tí kò bá lè fún ọmọ lọ́mú, kó má fi omi kànga àárín ìlú po mílíìkì ọmọ.

Ní ti kòkòrò, àwọn kan ń sọ fún wa pé omi àwọn mọ́ gaara, ó sì dùn. Ní 1854, kànga kan wà ní ìgboro London, ní Broad Street, tí omi rẹ̀ dùn débi pé obìnrin kan tó ti kó lọ sí Hampstead ṣì ń rán èèyàn lọ bu ún. Onígbáméjì pa obìnrin náà. Dókítà John Snow ló tọpa àrùn náà dé kànga ọ̀hún. Nígbà tí wọ́n hú ilẹ̀ ibẹ̀, wọ́n rí ihò ẹ̀gbin tí kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ sí ògiri kànga. Ẹ lọ wọn ti agboolé yín.

OMI Ẹ̀RỌ ŃKỌ́?

Wọ́n ti fi klorínì pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ kó tó kúrò ní Ẹlẹ́yẹlé tàbí Aṣẹ́jìrẹ́. Ojú ọ̀nà ni wàhálà wà. Bí omi bá ń sáré nínú páìpù, kò sí ohun tó lè wọlé bá a. Bí omi bá dáwọ́ dúró, páìpù tó ti lu, tó sì gba inú gọ́tà kọjá, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi gọ́tà mu. Nítorí náà, tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ púpọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣàn dànù títí yóò fi mọ́, ẹ fi ti àkọ́kọ́ fọ ilẹ̀. Ẹ má so ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́ páìpù ìjọba ní tààrà. Òun ló tún ń fa ẹ̀gbin wọlé fún gbogbo àdúgbò.

BÍ Ẹ ṢE LÈ TỌ́JÚ OMI MÍMU

Ẹ jẹ́ kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kó tutù nínú ìkòkò kan náà tí ẹ dé. Ẹni tí owó gáàsì tàbí èédú bá wọ́n lè lo omi ìfọṣọ oníklorínì tí kò ní òórùn dídùn tàbí àwọ̀. Tí ìgò rẹ̀ bá sọ pé ìdá 5 nínú 100, ìdajì ṣíbí ìmutíì tó fún kẹ́ẹ̀gì lítà 25. Tó bá jẹ́ 3.5, ṣíbí ìmutíì kan tí kò kún tán. Ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó mu ún. Omi tó bá ṣú, ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ ná. Álọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí ìdọ̀tí rọ̀ sísàlẹ̀, kì í pa kòkòrò. Inú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kí ẹ tọ́jú omi sí. Ife tí gbogbo ilé ń tì bọ inú ìkòkò omi ti ba iṣẹ́ yín jẹ́.

Kànga gbọ́dọ̀ ní ìdérí àti ẹnu tó ga sókè, kí ẹ yí kọnkéré ká ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì ní gárawá tirẹ̀ tí kì í kan ilẹ̀. Kó jìnnà sí ṣálángá ní ọgbọ̀n mítà ló dára. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ agboolé kò ní ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò ní in, kó fi omi kànga fọ aṣọ, kó wá omi òjò tàbí omi ẹ̀rọ tó ti sè fún mímu. Òjò tó bá kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ má gbè é. Eruku orí páànù ni.

Bí àgbàrá bá wọ kànga, bí irú èyí tí odò Ògùnpa fà ní 31 oṣù kẹjọ 1980, ẹ má mu omi rẹ̀ títí wọn yóò fi gbọ́n ọn tán, tí wọ́n á sì fi klorínì fọ̀ ọ́.

Tí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ẹnikẹ́ni, ẹ po ìdajì ṣíbí ìmutíì iyọ̀ àti ṣíbí mẹ́fà ṣúgà, kó ṣe déédéé ẹnu ṣíbí, sínú lítà omi kan tí ẹ ti sè. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ nílé ìwòsàn. Tí ìgbẹ́ náà bá dà bí omi ìrẹsì, ẹ má dúró di àárọ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí ṣálángá tuntun, kó jọ̀wọ́ pe wolé-wolé wá wo ilẹ̀ náà kó tó fi ọkọ́ kàn án.