Àpò oúnjẹ ọrùn adìyẹ yín wú? Ẹ má dorí ẹ̀ kodò o!

Ọwọ́ mi ni Àdùkẹ́ kú sí. Kì í ṣe èèyàn o, adìyẹ ni. Ọmọ mi obìnrin ló sọ ọ́ lórúkọ, òun ló sì ń yé ẹyin jù nínú àwọn márùn-ún tá à ń sìn sẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ìsàlẹ̀ ọrùn ẹ̀ wú, kò sì jẹun. Bàbá onílé wa ní kí n má fòyà: "Di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, dorí ẹ̀ kodò, kó o rọra fún ọrùn ẹ̀. Gbogbo ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ á dà jáde." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó ń kan bí omidùn dà jáde lóòótọ́. Àmọ́ adìyẹ náà gbọn ìyẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó lanu, ó sì dákẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan.

Dókítà ẹran tí mo pè lẹ́yìn ìyẹn ló là mí lójú. Ó ní kì í ṣe àìsàn ló pa á, èmi ni. Omi tí mo fún jáde yẹn ló gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Bàbá onílé ò gbèrò ibi, ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú wọn ni wọ́n sọ fún mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín tí ẹ ń sin adìyẹ mẹ́ta, mẹ́rin sẹ́yìnkùlé báyìí, torí bí owó ẹyin ṣe rí, ẹ máa bá irú ẹ̀ pàdé lọ́jọ́ kan. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn.

Kí tiẹ̀ ni àpò yìí?

Adìyẹ ò ní eyín. Ohun tó bá ṣà jẹ máa kọ́kọ́ wọ inú àpò tínínrín kan níbi tí ọrùn ti pàdé àyà, ó fì sápá ọ̀tún díẹ̀. Ẹni tó bá ti bá wọn pa adìyẹ ọdún rí á mọ̀ ọ́n, òun ni àgbàdo máa ń kún inú ẹ̀. Ibẹ̀ ni oúnjẹ ti máa ń rọ̀, kó tó máa lọ díẹ̀díẹ̀ sínú ikùn, kó sì dé inú iwe, níbi tí òkúta wẹ́wẹ́ tí adìyẹ ti gbé mì á ti lọ̀ ọ́.

Tó bá dìrọ̀lẹ́, ó yẹ kí àpò yẹn kún. Ẹ má tìtorí ìyẹn páyà, oúnjẹ òru ẹ̀ ló kó pa mọ́. Tó bá wá di ìdájí, kó tó fẹnu kan nǹkan kan, ó yẹ kó ti ṣófo. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ìrọ̀lẹ́ kún, ìdájí ṣófo. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án ní ìdájí tí nǹkan ṣì wà níbẹ̀, ìṣòro ti wà nìyẹn. Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Bí àìsàn ẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Adìyẹ kì í fẹ́ kí àwọn yòókù mọ̀ pé ara òun ò yá, torí wọ́n á máa ṣá a lẹ́nu. Kẹ́ ẹ tó fojú rí i, ọwọ́ yín á ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà dààmú wọn

Àkọ́kọ́, ó lè le. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á dà bí ẹ̀bà àná. Kóríko gígùn ló sábà máa ń fà á, tàbí okùn, láílọ́ọ̀nù, àti irun àtọwọ́dá tá a já sílẹ̀ lẹ́yìn tá a dirí tán. Àwọn nǹkan yìí máa ń lọ́ mọ́ra wọn, wọ́n á sì dí ọ̀nà. Adìyẹ tí ebi pa fún ìgbà pípẹ́ tó wá rí oúnjẹ gbígbẹ jẹ àjẹkì láìsí omi náà lè bá a pàdé.

Èkejì, ó lè rọ̀ kó sì kún fómi, bíi píọ̀ wọ́tà tí wọn ò tíì já. Tí adìyẹ bá lanu, ẹ máa gbóòórùn kíkan. Ohun kan tó jọ ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, tórúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Candida, ló pọ̀ jù níbẹ̀. Oúnjẹ tó ti bu lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni oúnjẹ tó pẹ́ jù nínú àpò tó dí. Ìdí míì tún wà tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀: oògùn apakòkòrò. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú Àdùkẹ́, mo já kápúsù Tetracycline sínú omi wọn torí ọ̀kan ń sín. Oògùn yẹn kì í pa Candida. Àwọn kòkòrò rere tí kì í jẹ́ kó gbilẹ̀ ló máa ń pa. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀kẹta, àpò náà lè fà, kó máa so rọ̀ níwájú bí àpò tó ti gbó. Ẹran tó ń fà á sókè ló ti rẹ̀. Èyí kì í sábà padà sípò. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ máa fún un lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́, kẹ́ ẹ má jẹ́ kó jẹ àjẹkì, kẹ́ ẹ sì ní kí dókítà wò ó.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nílé

Ohun tó kàn ni kẹ́ ẹ yà á sọ́tọ̀, yálà nínú páálí tí atẹ́gùn ń wọ̀ tàbí lábẹ́ àgò. Báyìí, ẹ ó lè mọ̀ bóyá ó ń jẹ tàbí ó ń ya ìgbẹ́. Ẹ gbé omi tó mọ́ síwájú ẹ̀ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ dá oúnjẹ dúró fún wákàtí méjìlá sí mẹ́rìnlélógún, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ti rù tẹ́lẹ̀, ẹ má febi pa á, ẹ pe dókítà.

Tó bá jẹ́ èyí tó le ni, ẹ rẹ búrẹ́dì kékeré kan sínú òróró tàbí àdí àgbọn, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fúnra ẹ̀ jẹ ẹ́. Mo fẹ́ràn èyí ju kéèyàn fi sírínjì rọ òróró sí i lẹ́nu, torí ihò ọ̀nà èémí adìyẹ wà ní ìdí ahọ́n ẹ̀ gan-an. Bí ọwọ́ bá ṣì, ẹ̀dọ̀fóró ni òróró ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé adìyẹ náà sórí itan yín, kó dúró gbọnrangandan, kẹ́ ẹ fi ìka rọra máa wọ́ àpò náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ẹni ń rọra tú ìyẹ̀fun tó dì. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Tó bá ti ń rọ̀, ẹ fún un ní oúnjẹ tó tutù, bí oúnjẹ adìyẹ tá a ti rẹ sómi tàbí ẹyin sísè tá a lọ̀, díẹ̀díẹ̀.

Tó bá jẹ́ olómi tó ń kan ni, ẹ má wọ́ ọ rárá. Ẹ dá oúnjẹ dúró, ẹ fọ igbá omi ẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ sì pe dókítà ẹran. Oògùn tó ń pa Candida wà, Nystatin ni wọ́n ń lò jù, àmọ́ dókítà ló máa sọ iye tó yẹ. Tetracycline, ata, ewúro àti kẹrosíìnì ò lè ṣiṣẹ́ yẹn. Kẹrosíìnì tiẹ̀ máa pa á.

Àwọn ohun tẹ́ ẹ ò gbọdọ̀ dán wò

Ẹ má dorí ẹ̀ kodò. Ẹ má fún ọrùn ẹ̀. Ẹ má mú abẹ, kẹ́ ẹ la àpò náà, kẹ́ ẹ wá fi òwú rán an padà bí àwọn kan ṣe ń ṣe lábúlé. Dókítà ló lè ṣe iṣẹ́ abẹ yẹn, pẹ̀lú oògùn tí kò ní jẹ́ kó jẹ̀rora. Ẹ sì má jẹ adìyẹ tàbí ẹyin tí oògùn ṣì wà lára ẹ̀ títí dókítà á fi ní kò séwu.

Ìgbà wo lẹ máa kígbe?

Tó bá di ọjọ́ kejì tí kò yàtọ̀, tó bá ń rẹ̀ ẹ́ sí i, tàbí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń yẹ̀, ẹ gbé e lọ. Àrùn tí wọ́n ń pè ní Marek náà máa ń mú iṣan ara rọ, ó sì lè mú kí àpò oúnjẹ náà dá iṣẹ́ sílẹ̀. Fásitì Ìbàdàn àti fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta (FUNAAB) ní ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ní tiwọn.

Tó bá wá jẹ́ pé ju adìyẹ kan lọ ló ń ṣàìsàn, tí wọ́n ń ya ìgbẹ́ ewé, tí ọrùn wọn ń lọ́, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ àpò oúnjẹ. Ó lè jẹ́ lúkúlúkú. Ó sì lè jẹ́ àrùn tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí bird flu H5N1 ní Áfíríkà, lọ́dún 2006. Ẹ má tà wọ́n, ẹ má pa wọ́n jẹ, ẹ má fọwọ́ lásán mú wọn. Ẹ pe ẹ̀ka ètò ìlera ẹranko ìpínlẹ̀ yín kíákíá.

Ohun tí kò ní jẹ́ kó ṣẹlẹ̀

Ẹ gé kóríko ẹ̀yìnkùlé kó kúrú. Ẹ ṣa okùn, láílọ́ọ̀nù àti irun kúrò nílẹ̀. Adìyẹ tí wọn kì í jẹ́ kó jáde gbọ́dọ̀ rí òkúta wẹ́wẹ́ ṣà. Ẹ má fún wọn ní àgbàdo tó ti bu torí pé ó pọ̀ lówó. Kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti dì wọ́n mú.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn Àdùkẹ́, ọ̀kan míì tún wú. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti di àṣà ẹ̀ láti máa tan iná fóònù ní ìdájí, kó fọwọ́ kan ọrùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó lọ wẹ̀ fún ilé ìwé. "Dádì, tirẹ̀ ò ṣófo o." Ó le bí ẹ̀bà. A fi búrẹ́dì olóròóró àti ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ṣe é. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, àpò náà ti ṣófo, adìyẹ náà sì ń kígbe oúnjẹ.

Bàbá onílé wá wò ó. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò dorí ẹ̀ kodò ni?" Mo ní, "Rárá, sà. A kàn mú sùúrù ni."