Ohun Tí Ó Mú Kí Ẹ̀kọ́ Yunifásítì Kan Wọ́n Ju Èkejì Lọ

Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Ṣùgbọ́n bí a bá bi alásè tí ó se oríṣi ọbẹ̀ mẹ́wàá lórí ààrò kan ṣoṣo léèrè pé èló ni ó ná sí ìkọ̀ọ̀kan, ìdáhùn yóò ṣòro fún un, nítorí igi kan náà ni ó fi dáná, ata kan náà ni ó sì lọ̀ sí gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún yunifásítì tí a bá ní kí ó sọ iye tí ó ń ná an láti kọ́ ọmọ kan gba oyè nínú ìtàn tàbí nínú ìṣègùn.

Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1992 ni Yunifásítì Delaware ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ìṣirò yìí jọ: a ó ro owó oṣù àwọn olùkọ́ ẹ̀ka kan àti ìnáwó rẹ̀ mìíràn pọ̀, a ó sì fi iye wákàtí ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà níbẹ̀ pín in. Nígbà tí àwọn olùwádìí Steven Hemelt, Kevin Stange àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tú àkọsílẹ̀ náà wò, wọ́n rí i pé ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ń ná tó bí ìlọ́po méjì ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìṣirò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sá fún bí ẹni rí ẹkùn, fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í ṣe pé ẹ̀kọ́ ìṣirò kò níyì. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ ìṣirò kan níwájú pátákó, tí ẹfun kún ọwọ́ rẹ̀, tí igba akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ ohun tí ó kọ. Ẹ wá wo ẹnìkejì rẹ̀ ní ẹ̀ka Gẹ̀ẹ́sì, tí ogún ọmọ péré wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ó sì gbọ́dọ̀ fi yíǹkì pupa tọ àròkọ ìkọ̀ọ̀kan wọn ní ìlà-ìlà. Bí owó oṣù wọn tilẹ̀ dọ́gba, ìnáwó orí ọmọ kan lọ́dọ̀ ẹnìkejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Ní ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ń bá yunifásítì du àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, owó gọbọi ni a sì fi ń dá wọn dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni wákàtí olùkọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ìdíyelé tí a ń pè ní TRAC ń fẹ́ kí olùkọ́ pín àkókò rẹ̀ sí ti ìkọ́ni, ti ìwádìí àti ti iṣẹ́ mìíràn. Àmọ́ dókítà àgbà tí ó dúró lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, tí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún yí i ká, ń tọ́jú ènìyàn, ó sì ń kọ́ni, nínú wákàtí kan náà. Ta ni yóò fi ọ̀bẹ la wákàtí náà sí méjì? Àfojúbù ni, ó sì yẹ kí a máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ tí Ọlọ́run dá, ìka kò dọ́gba. Síbẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ gbáko, láti 2017 sí 2025, £9,250 lọ́dún ni gbèdéke owó tí yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè gbà lọ́wọ́ ọmọ ilẹ̀ náà, ìbáà jẹ́ ìtàn ni ó ń kọ́ tàbí kẹ́mísírì. Ìjọba ń fi owó kún ti àwọn ẹ̀kọ́ tí ó nílò yàrá àyẹ̀wò, ti ìṣègùn sì pọ̀ jù. Ẹ̀kọ́ tí kò ju ìwé àti kíláàsì lọ kò rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń ronú àtipa ẹ̀ka kan rẹ́ nítorí irú ìṣirò owó yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì náà, kí ẹ sì béèrè ẹni tí ó pín wákàtí àwọn olùkọ́ ibẹ̀, àti bí ó ṣe pín in.