Èèkù Ló Ń Tú Àṣírí Ìbọn

Ìbọn mẹ́ta ló wà lára ògiri pálọ̀ bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ubọn ni àwa ń pè é nílé. Lójú àlejò, ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: igi, irin, òórùn ètù. Àwa ọmọ ọdẹ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣakabùlà tó gùn jù ni bàbá máa ń gbé lọ sí apá Ìsẹ̀, níbi tí ojú ti lè rí etu lọ́ọ̀ọ́kán. Èkejì kúrú, torí inú oko kòkó ni wọ́n ti ń lò ó lóru, níbi tí ẹ̀ka ti máa ń há ìbọn gígùn mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni ẹlẹ́nu méjì tó ti òkè òkun wá. Ìwé àṣẹ rẹ̀ wà nínú àpótí, bàbá a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún bí ẹni ń wo ìwé ilẹ̀.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló dára jù. Wọn ò wojú ìbọn kankan. Wọ́n ní, "Ibo lò ń lọ?"

Ìbéèrè yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí àbúrò mi kan pè mí láti Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Èmùré ni ìyá rẹ̀ ti wá. Ó ń ta oúnjẹ ilé wa níbẹ̀, agogo mẹ́wàá alẹ́ ló sì máa ń ti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú owó ọjọ́ náà lápò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìbọn ni mo wà yìí. Wọ́n to pélébé mẹ́rin síwájú mi, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní. Wọ́n ní èyí ni 19, èyí ni 26, èyí ni 43X, èyí ni 45. Ọmọ ọdẹ ni yín, ẹ gbà mí. Kí ni ìyàtọ̀ wọn?"

Ẹ̀rù ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wà nínú ìpè náà, mo mọ̀ ọ́n lóhùn rẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024 ni oorun rẹ̀ ti dín. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n jí àwọn ọmọ ilé-ìwé àti olùkọ́ wọn gbé ní Èmùré, ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n sì yìnbọn pa ọba Èkìtì méjì lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ náà padà wálé lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́fà. Awakọ̀ wọn ò padà. Ẹni tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá lókè òkun, bó ti wù kí ìlú tó ń gbé jìnnà tó, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀yìn wò lálẹ́.

Èmi ò yin ìbọn pélébé rí. Ṣùgbọ́n mo jókòó tì í, mo kà, mo bi àwọn tó ń lò ó, mo sì rí i pé ohun tí ọdẹ Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ ló wà níbẹ̀, irin ló yàtọ̀. Torí pé ọmọ wa tó wà ní Texas, ní Georgia, ní Maryland kò níye, mo fẹ́ sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún un.

Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gaston Glock, ọmọ ilẹ̀ Austria, ló dá a sílẹ̀, ẹni tó kú ní oṣù kejìlá ọdún 2023 lẹ́ni ọdún 94. Kò bá ìbọn wáyé: ọ̀pá kọ́tìnnì àti ọ̀bẹ àwọn ọmọ ogun ló kọ́kọ́ ń ṣe, bí alágbẹ̀dẹ wa ṣe ń ti ìdí ọkọ́ àti àdá dé ìdí ìbọn. Lọ́dún 1982 ni iléeṣẹ́ ológun Austria gba ìbọn rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó sọ ọ́ ní 17, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kẹtàdínlógún tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ni. Ìbọn náà sì ń gba ọta 17. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣìnà. Wọ́n rò pé nọ́ńbà ara ìbọn ni iye ọta rẹ̀. Rárá o. Ọta 15 ni 19 ń gbà, 10 ni 26 ń gbà, mẹ́fà péré ni 43 ń gbà. Bí wọ́n ṣe ń jáde tẹ̀lé ara wọn ni nọ́ńbà náà sábà máa ń sọ, bí Táíwò àti Kẹ́hìndé ṣe ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé, tí kò sọ ẹni tó ga jù.

Ohun kejì tó yẹ ká mú kúrò lọ́nà ni ọta. Ọta kan náà, mìlímítà 9, ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yìn. Èyí tó kéré jù nínú wọn kì í ṣe ohun ìṣeré. Ohun tó ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò mọ̀ pé ìbọn kékeré ni òun ti jáde.

Kí ló wá yàtọ̀? Gígùn ẹnu, gígùn èèkù, àti sísanra. Ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí ìbọn máa ń lọ sí ẹnu: ó rò pé èyí tí ẹnu rẹ̀ bá kúrú ló rọrùn láti fi pamọ́. Mo rántí òpó tí Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ gbẹ́ sí ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, láàárín ọdún 1910 sí 1914, tó wà ní ilé ọnà Chicago lónìí. Ọba ló jókòó síwájú, òun lojú kọ́kọ́ ń rí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: olorì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ló ru òrùlé. Bẹ́ẹ̀ ni èèkù ìbọn rí. Ẹnu ìbọn máa ń wọlẹ̀ sínú ṣòkòtò, lábẹ́ bẹ́líìtì, kò sẹ́ni tó ń rí i, ì báà gùn díẹ̀ sí i. Èèkù ló máa ń yọ sókè bẹ́líìtì, òun ló ń ti ṣẹ́ẹ̀tì sóde bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ mú àpò gaàrí nílẹ̀. Agbádá lè bo ohunkóhun, ṣùgbọ́n ta ló ń wọ agbádá ta ẹja gbígbẹ ní Houston?

Ẹ jẹ́ ká wá tò wọ́n. 19, tó jáde lọ́dún 1988, ni àárín méjì: ẹnu rẹ̀ jẹ́ íǹṣì mẹ́rin, gíga rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ èèkù jẹ́ mìlímítà 128. 26 gé nínú ẹnu, ó gé nínú èèkù, gíga rẹ̀ kò ju mìlímítà 106 lọ. Ìka ọmọńdinrín kì í ráyè dì í mú, ńṣe ló ń rọ̀ dirodiro nísàlẹ̀. 45 yàtọ̀ pátápátá: òkè rẹ̀ ṣe déédéé òkè 19, ṣùgbọ́n èèkù 17 ni wọ́n fún un, mìlímítà 139, ọta 17. Ẹni tí ẹnu kúkúrú bá tàn jẹ, tó rò pé 45 yóò rọrùn láti fi pamọ́ ju 17 lọ, yóò rí i lọ́jọ́ kìíní pé èyí tó ń tú àṣírí gan-an ni wọn ò gé. Àwọn ọlọ́pàá, tí ìbọn tiwọn wà nínú àkọ̀ níta gbangba, ni irú rẹ̀ bá mu.

43X ló jẹ́ kí àbúrò mi dákẹ́ lórí fóònù. Ọdún 2019 ló jáde. Bí ẹ bá wọn gíga rẹ̀, mìlímítà 128 náà ni, bíi ti 19 gẹ́lẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n wá gé nínú rẹ̀?" Ìbú rẹ̀ ni. Nínú èèkù 19, ńṣe ni ọta jókòó méjì-méjì, wọ́n ń fi èjìká gún ara wọn, bí èrò ẹ̀yìn takisí tó ń ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Adó. Nínú 43, tó ṣáájú 43X jáde, ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan ni, bí èrò orí ọ̀kadà. Èèkù 43X gùn ju ti 43 lọ, ó sì fẹ̀ díẹ̀ sí i, kó lè gba ọta 10, síbẹ̀ irin òkè rẹ̀ kò ju mìlímítà 22 lọ ní fífẹ̀, nígbà tí ti 19 lé ní 25. Ìyàtọ̀ mìlímítà mẹ́ta dà bí ohun tí kò tó nǹkan lẹ́nu. Ẹni tó fi ìbọn sí ìbàdí láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń jókòó, tó ń dìde, ló mọ bó ṣe pọ̀ tó.

Ó ní ohun tó ń náni o. Ẹni bá gba fífúyẹ́ yóò fi ọwọ́ san án. Pẹ̀lú àpò ọta òfìfo nínú, 19 wọn nǹkan bí gíráàmù 670, 43X nǹkan bí 530. Agbára ọta kan náà ló ń ti méjèèjì sẹ́yìn, èyí tó fúyẹ́ ló ń fò jù lọ́wọ́. Bàbá mi mọ èyí láìwọn gíráàmù kankan: ṣakabùlà kúkúrú ilé wa ló máa ń gbá èjìká, ti gígùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfojúsùn náà ń kan án. Bí àmì iwájú àti ti ẹ̀yìn bá ti sún mọ́ ara wọn, àṣìṣe tó kéré bí irun lójú yóò ti di ńlá níbi tí ọta ń bọ́ sí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọminú bí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan ra èyí tó kéré jù fún ìyàwó rẹ̀ torí pé "obìnrin ni". Ọwọ́ tí kò tíì mọ ìbọn gan-an ni ìbọn kékeré ń yọ lẹ́nu jù.

Lórí àpò ọta, ohun tí mo sọ fún un rọrùn. Ẹ̀gbọ́n lè fún àbúrò, àbúrò ò lè fún ẹ̀gbọ́n. Àpò ọta 17 wọ inú 19, ó wọ inú 26, ìdí rẹ̀ yóò kàn yọ nísàlẹ̀ bí ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Ti 26 kò lè gùn dé ibi tó yẹ nínú 17. Ṣùgbọ́n 43X kì í ṣe ọmọ ilé yẹn: tirẹ̀ kò wọ 19, kò tilẹ̀ wọ 43 tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ. 48 nìkan, ẹlẹ́nu gígùn tí wọ́n jọ jáde lọ́dún kan náà, ni wọ́n lè jọ pààrọ̀.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké ẹ̀gbẹ́ orúkọ kò gba ariwo tí àwọn ọlọ́jà ń pa lé e. Gen 4 dé lọ́dún 2010 pẹ̀lú ẹ̀yìn èèkù tí a lè pààrọ̀ kó bá àtẹ́lẹwọ́ mu. Gen 5 dé lọ́dún 2017, ó sì yọ ojú ìka tí wọ́n gbẹ́ síwájú èèkù tẹ́lẹ̀, tí kò bá gbogbo ọwọ́ mu. MOS túmọ̀ sí pé wọ́n ti la òkè rẹ̀ sílẹ̀ fún awò ìfojúsùn. Ẹni tí kò bá ní ra awò, kó má sanwó ihò.

Ohun tó yẹ kó gba àfiyèsí ẹni tó ń ra ìbọn ni pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní ìdènà tí ọwọ́ ń tì. Ọ̀kan nínú àwọn ìdènà rẹ̀ wà lára ibi ìfà, ìyókù wà nínú lọ́hùn-ún. Tí ìka bá ti wọ ibi ìfà tó fà á, ó parí. Nítorí náà, àkọ̀ tó le, tó bo ibi ìfà yẹn pátá, kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ilé wa kò gbà kí ọmọ na ẹnu ṣakabùlà òfìfo sí èèyàn. Ẹni tó gbé ìbọn tó ti gbé ọta sẹ́nu sí ìbàdí gbọ́dọ̀ pa òfin yẹn mọ́ ní ìlọ́po mẹ́wàá, kó sì tì í mọ́ àpótí bó bá délé, torí àwọn ọmọ.

"Ibo lò ń lọ?" ni mo bi í níkẹyìn. Mo ní kó lọ sí pápá ìdánrawò, kó háyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó yìn wọ́n kí owó tó jáde lápò rẹ̀. Ó lọ. 43X ló mú, ó sì ń padà lọ dánra wò ní Sátidé méjì-méjì lóṣù. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òfin wà nínú rẹ̀ tí mi ò ní fi bò. Ní Texas, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì dá lọ́nà, lè gbé ìbọn pélébé láìgba ìwé àṣẹ. Àbúrò mi ní káàdì ìgbélùú. Ẹni tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò wà níbẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò jẹ́ kó ní ìbọn, àfi ìwọ̀nba àyọkúrò. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Dunblane, ní Scotland, ní oṣù kẹta ọdún 1996, ìjọba Bírítéènì fòfin de ìbọn pélébé lọ́wọ́ aráàlú. Nílé wa ńkọ́? Òfin ìbọn ọdún 1959 ló ṣì dúró. Ó fàyè gba ṣakabùlà àti ẹlẹ́nu méjì fún ẹni tó bá gbàwé àṣẹ, bí bàbá mi ṣe gbà á. Ṣùgbọ́n ìbọn pélébé, irú yòówù, títí kan pélébé elétù ayé àtijọ́, òun àti ìbọn arọ̀jò-ọta ni wọ́n jọ wà ní ìsọ̀rí kan náà. Àṣẹ Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ló lè gbé e sọ́wọ́ aráàlú. Ẹni tí wọ́n bá ká a mọ́ lọ́wọ́ láìgbàṣẹ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá, ó kéré tán, jura.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń bọ̀ wá ṣọdún Olósunta ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó wọ bàálù. Ẹ ní kí wọ́n tú báàgì tí wọ́n ń gbé lọ síbi ìdánrawò, kí wọ́n yẹ gbogbo àpò rẹ̀ wò títí dé ìsàlẹ̀. Ẹyọ ọta kan tó há sí igun báàgì ti tó kí wọ́n dá wọn dúró ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà.