Ṣé kẹ̀kẹ́ ológeere lè rọ́pò mọ́tò ní Ṣàngó?

"Ẹ̀yin lọ́yà, ṣé kò sí o? Ẹ ti ta mọ́tò ni?"

Ohùn ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́bàá títì ní Ṣàngó nìyẹn, láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ ológeere jáde nílé. Mo ní, "Ẹ kú òwúrọ̀ mà. Mi ò tà á o, ó wà nílé." Wọn ò gbà mí gbọ́. Wọ́n fi àkàrà méjì ṣe ènì fún mi, wọ́n ní Ọlọ́run á ṣe é. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo ti di ẹni tí wọ́n ń ṣàánú.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kan ká má baà ṣi ara wa gbọ́. Ní Ìbàdàn òde òní, téèyàn bá ti ní "kẹ̀kẹ́", Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọkàn gbogbo wa ń lọ bá. Èyí tí mò ń sọ ni ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí kò mu epo, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹni ló ń wà á. Ìbéèrè tó gbé mi dé orí rẹ̀ sì ni èyí: ṣé ó lè rọ́pò mọ́tò lóòótọ́, ká máa fi ṣe gbogbo ìrìn wa ojoojúmọ́?

Owó epo ló dá ìbéèrè náà sílẹ̀. Ẹ ò lè gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu gorí oyè, tó sì kéde pé ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, lítà epo bẹntiróòlù kan ò tó ₦200. Nígbà tí oṣù Kẹwàá 2024 fi máa dé, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Láti ìgbà náà ni gbogbo wa ti di oníṣirò. Ẹni tó ní mọ́tò ń ṣírò epo, ẹni tí kò ní ń ṣírò owó Micra.

Èmi náà jókòó, mo ṣírò ibi tí mọ́tò mi ń gbé mi lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Láti Ṣàngó dé géètì UI, bíi kìlómítà mẹ́ta ni. Ọjà Bódìjà kò fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mọ́kọ́lá ò jìnnà rárá, Dùgbẹ̀ á tó bíi kìlómítà márùn-ún. Challenge nìkan ló jìn, torí ìyẹn lé ní mẹ́wàá. Ìyẹn ni pé nínú ibi márùn-ún tí mò ń jó epo sí, mẹ́rin ló jẹ́ ìrìn tí àwọn ìyá ìyá wa ń rù ẹrù rìn kí oòrùn tó yọ. Mo bá ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan, mo fún ara mi ní oṣù kan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá ti mú oríta Ṣàngó, mo máa ń dé géètì UI kí Micra tá a jọ gbéra tó dé. Kò sí pé mò ń wá ibi tí màá gbé e sí, kò sí pé ẹnikẹ́ni ń sọ fún mi pé bọ́ọ̀lù epo ti ń lọ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni orúnkún ro mí. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ara ti mọ́ ọn.

Ó ku èyí tí kò dáa. Òkè Mọ́kọ́lá kì í ṣe orúkọ lásán, òkè ni lóòótọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gùn ún, àárín rẹ̀ ni mo ti sọ̀kalẹ̀ tí mo ń ti kẹ̀kẹ́, tí àwọn ọmọ iléèwé sì ń kí mi kú iṣẹ́. Tí mo bá máa rí èèyàn ńlá ní Dùgbẹ̀, mo ní láti ká ṣẹ́ẹ̀tì kejì sínú báàgì, torí èyí tó wà lọ́rùn á ti rin gbindin. Òjò rọ̀ mọ́ mi lórí lẹ́ẹ̀mejì. Àpò ìrẹsì ò ṣeé gbé. Ìyá mi tí orúnkún ń dùn, mi ò lè gbé wọn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ rí dókítà. Àti Challenge? Mo lọ lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún dán an wò mọ́.

Ìtìjú tún wà níbẹ̀. Ìlú wa ò fi ojú re wo ẹni tó bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àwa náà ń sọ ọ́ pé ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀, àmọ́ a ò fẹ́ kó jẹ́ ojú wa ni wọ́n máa ṣe é. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè, wọ́n á sọ fún yín pé nígbà kan, kẹ̀kẹ́ ológeere gan-an ni ẹṣin. Tíṣà ló ń gùn ún, akọ̀wé kóòtù ló ń gùn ún, àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ló ń gùn ún wọ oko. Ẹni tó bá ra Raleigh tuntun nígbà náà, ńṣe làdúgbò ń kí i kú oríire. Ojú tá a fi ń wò ó ló yí padà. Ojú náà sì tún lè yí padà.

Gbogbo èyí ni mo lè fara dà. Ohun tó lé mi sọ̀kalẹ̀ gan-an ni etí títì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ṣàngó, ẹ fojú inú wò ó. Mọ́tò ń sáré lápá òsì yín. Lápá ọ̀tún, gọ́tà ló là sílẹ̀ gbayawu. Àárín méjèèjì ló yẹ kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ gbà, ibẹ̀ náà sì ni Micra ti ń dúró gbé èrò, ibẹ̀ ni aláta pàtẹ sí, ibẹ̀ ni ọ̀kadà ti ń dojú kọ mọ́tò bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn, Micra kan ṣàdédé já wọ ẹ̀gbẹ́ torí èrò kan tó na ọwọ́. Mo tẹ bíréèkì, mo ṣubú, ọwọ́ mi yẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n wọ gọ́tà. Awakọ̀ náà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ẹni tó gbé mi dìde ni ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́ḷ́dà. Láti Ìjokòdó ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Bódìjà lójoojúmọ́, kì í ṣe torí amọ́dájú ara, torí pé kò rówó ọkọ̀ ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, orí awakọ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò. Tó bá ti yíjú wo ẹ̀gbẹ́ títì, èrò ló rí yẹn, ó fẹ́ já wọlé nìyẹn." Ó ká ṣòkòtò sókè, ó fi àpá kan hàn mí lójúgun. Mọ́tò ló gbá a lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi lè ṣiṣẹ́. Mo bi í pé ṣé awakọ̀ náà sanwó ìtọ́jú. Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo wà lórí kẹ̀kẹ́? Wọ́n ní èmi ni mo wọ ọ̀nà mọ́tò."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ìwé kíkọ ni mo fi ń jẹun lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin ni mo kà, mo sì lè sọ fún yín pé kò sí ohun tó ń jẹ́ "ọ̀nà mọ́tò" bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún ọmọ yẹn. Àfi ibi tí òfin bá ti dìídì kà á léèwọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà ló ni títì. Ní yunifásítì ni wọ́n ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ẹjọ́ Donoghue àti Stevenson, èyí tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1932. Ohun tá a rí kọ́ níbẹ̀ ò le: ẹni tí ìwà àìbìkítà rẹ lè ṣe léṣe, o jẹ ẹ́ ní gbèsè ìṣọ́ra. Awakọ̀ jẹ ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní gbèsè yẹn.

Kò tán síbẹ̀. Òfin ní mọ́tò kò gbọdọ̀ jáde sójú títì láìní ìnṣọ́ránsì, ó kéré tán èyí tí gbogbo wa ń pè ní third party. Láti oṣù Kìíní 2023 ni èyí tó kéré jù fún mọ́tò àdáni ti kúrò ní ₦5,000 tó di ₦15,000. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2025, àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé rẹ̀ wò káàkiri. Ọ̀pọ̀ wa ń rà á torí ọlọ́pàá nìkan. Ta wá ni ẹni kẹta tí wọ́n ń sọ? Ọmọ oníwẹ́ḷ́dà yẹn gan-an ni. Torí náà, tí mọ́tò bá gbá yín lórí kẹ̀kẹ́, ẹ ya àwòrán nọ́ńbà rẹ̀, ẹ gba orúkọ ẹni tó rí i, ẹ lọ sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má sì ju rìsíìtì ilé ìwòsàn nù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé lálẹ́ ni, tẹ́ ò sì ní iná, tàbí ẹ̀yin lẹ ń dojú kọ mọ́tò bọ̀, adájọ́ lè dá díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà padà sí yín lọ́rùn.

Àmọ́, ẹni tó wà láàyè ló ń pẹjọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2023 pé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ó lé 190,000 èèyàn ni ìjàǹbá ọkọ̀ ń pa lọ́dún kan lágbàáyé, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀, ọlọ́kadà àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Mi ò ní jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí n máa sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó lọ fi ara rẹ̀ wewu torí kí epo lè dín kù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: "Ìbàdàn kì í ṣe Òyìnbó. Oòrùn wa mú jù." Ẹ wo Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso. Oòrùn ibẹ̀ ju tiwa lọ, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere àti alùpùpù ló kún ìlú náà, wọ́n sì ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì létí àwọn títì ńláńlá kan. Àwọn ará Netherlands tá à ń pọ́n lé náà, wọn ò bí kẹ̀kẹ́ mọ́ wọn. Ní 1971, ó lé ní 3,000 èèyàn tí mọ́tò pa níbẹ̀, àwọn ọmọdé tó wà nínú wọn sì lé ní 400. Àwọn òbí fárí gá, wọ́n tú sí ìgboro. Nígbà tí epo tún wọ́n lágbàáyé ní 1973, ìjọba ní kí mọ́tò sinmi láwọn ọjọ́ Àìkú kan. Ìbínú òbí àti ọ̀wọ́n epo ló la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ fún wọn. Ọ̀wọ́n epo ti dé ọ̀dọ̀ tiwa. Ó ku ìbínú.

Kí wá ni ìdáhùn mi? Ọ̀rọ̀ "rọ́pò" yẹn ló ń ṣì wá lọ́nà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà ní Ṣàngó láàárọ̀ ò ní mọ́tò kankan tí kẹ̀kẹ́ máa rọ́pò. Akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ni wọ́n, oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, òǹtajà ni wọ́n. Ohun tí kẹ̀kẹ́ lè rọ́pò fún wọn ni owó Micra àlọ àti àbọ̀, tàbí ìrìn wákàtí kan nínú oòrùn. Fún àwa tá a ní mọ́tò, ó lè gba ìrìn kúkúrú lọ́wọ́ rẹ̀, kó fi Challenge, òjò àti ìyá ẹni sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà.

Ohun tí mò ń fẹ́ kò pọ̀. Ẹ fi títì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀: láti Ṣàngó, kó gba iwájú Pólì àti Sámọ́ńdà, dé géètì UI. Ẹ bo gọ́tà. Ẹ ya etí títì sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ fi kọnkéré dá a kí mọ́tò má lè wọ̀ ọ́. Ẹ wá ibi tí Micra á ti máa gbé èrò, kí òṣìṣẹ́ OYRTMA sì máa ṣọ́ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ẹni tó gba ọ̀nà tí kò yẹ. Ẹ ṣe irin tá a lè so kẹ̀kẹ́ mọ́ sí ẹnu géètì Pólì, UI àti ọjà Bódìjà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún wa pé ìjọba àpapọ̀ ló ni títì tàbí ìpínlẹ̀ ló ni ín. Gọ́tà ò bèèrè ìjọba tó ni òun kó tó gbé èèyàn mì.

Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ náà ló kọ́kọ́ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní 1977, tí Wọlé Ṣóyínká wà nídìí ẹ̀, ọdún mọ́kànlá gbáko kí ìjọba àpapọ̀ tó dá FRSC sílẹ̀ ní 1988. A ti ṣíwájú rí. Kò sí ohun tó ní ká má tún ṣíwájú.

Ọwọ́ mi ti san. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ báyìí, mo sì ń wo orí awakọ̀ bí ọmọ yẹn ṣe kọ́ mi. Epo tí mò ń rà ti dín kù díẹ̀. Mọ́tò ṣì wà nílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá alákàrà tún dá mi dúró. Àánú kọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n fẹ́ mọ iye tí mo ra kẹ̀kẹ́, torí ọmọ wọn tó wọ Pólì, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ ti fẹ́ jẹ èrè àkàrà tán. Mo sọ iye rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní ó ṣeé tù jọ. Wọ́n wá wo títì, wọ́n wo èmi, wọ́n ní, "Lọ́yà, ṣé mọ́tò ò ní gbá a sá?"

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún wọn.