Amóhùnmáwòrán HD
Amóhùnmáwòrán HD ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere ju ti SD àtijọ́ lọ. Àwòrán HD kíkún ní àmì tíntìntín 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró. Ti SD ní ìlànà PAL jẹ́ 720 àti 576. Àmì inú HD jẹ́ ìlọ́po 5 ti SD.

Síbẹ̀, ríra ẹ̀rọ HD nìkan kò tó. Bí ètò tí ó ń wọlé bá jẹ́ SD, ẹ̀rọ náà kàn máa fẹ àwòrán náà lójú ni. Kò lè dá ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Bí òǹwòran bá sì jókòó jìnnà sí ẹ̀rọ kékeré, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀. Ẹni tí ó ní dikódà HD, wáyà HDMI àti ẹ̀rọ fífẹ̀ ni pípààrọ̀ náà ń ṣe láǹfààní jùlọ.