Bí Google bá ní ààyè ti kún: ohun tí ẹ máa ṣe

Ẹ̀yin ará wa ní Obajana, bí fọ́tò àti WhatsApp yín kò bá gòkè sórí Google mọ́, ẹ má kàn di gbogbo ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ̀kì. Ó lè jẹ́ pé ààyè ló kún.

15 GB ni Google ń fún olúkúlùkù lọ́fẹ̀ẹ́. Gmail, Drive àti Google Photos ló jọ ń pín in. Láti June 1, 2021 ni fọ́tò tuntun ti ń jẹ nínú rẹ̀. Ní 2024, backup WhatsApp orí Android náà bá wọn dá sí i. Tó bá kún, ímeèlì pàápàá lè má wọlé mọ́.

Ẹ ṣọ́ra o: ààyè inú fóònù yàtọ̀ sí ti Google. Ẹ lè gbá inú fóònù mọ́ títí, ti Google á ṣì kún. Bẹ́ẹ̀ sì ni, fọ́tò tí ẹ bá pa rẹ́ nínú Google Photos lè kúrò lórí fóònù náà. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ da fọ́tò ìgbéyàwó, ti ìsìnkú àti ìwé ẹgbẹ́ sórí fláàṣì tàbí kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ one.google.com/storage, ẹ wo ohun tó gbàyè jù. Ẹ pa fídíò ńláńlá tí ẹ ò nílò rẹ́, kí ẹ sì kó inú Trash dànù, torí ohun tó wà níbẹ̀ ṣì ń gbàyè. Nínú WhatsApp, ẹ yọ fídíò kúrò nínú backup. Ẹni tó bá lágbára lè ra ààyè sí i.

Bí fóònù bá sọnù lọ́nà Lọ́kọ́ja lọ́la, ohun tó ti gòkè nìkan lẹ máa rí gbà padà.